Ihò Eléérú: Ẹni Tí A Bá Nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ pé díẹ̀ nínú wa lọ sí ihò kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìparí ọdún 2024, tí ẹ sì ti ń bi wá pé kí ni ẹni tí ó ń gbé Àbújá, tí àpáta yí ká lọ́tùn-ún lósì, tún ń wá lọ sí ìdí àpáta mìíràn ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè yín. Àwọn tí ó ń ṣètò ìwé ọdún yìí ní kí a kúkú kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹnu wa lè sinmi.

Ihò Eléérú ni orúkọ ibẹ̀. Ó wà nínú igbó ìlú Ìsarun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Àkúrẹ́. Bí ẹ bá wá a nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, "Iwo Eleru" ni ẹ ó bá pàdé nínú púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni etí àjèjì ṣe gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí "Iwo" yóò máa ronú ìwo màlúù, tàbí kí ó máa ronú ìlú Ìwó ọmọ odídẹrẹ́. Kò sí èyí tí ó kàn án nínú méjèèjì. Ihò ni, ihò tí ó ní eérú. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àṣìkọ yìí fi wà nínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láìpẹ́ yìí. Àwa tí a ti lo ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n nídìí fáìlì ìjọba mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀: bí akọ̀wé bá ṣi orúkọ ènìyàn kọ ní ojú ewé kìíní, orúkọ yẹn ni ẹni náà yóò máa jẹ́ títí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ní ọdún 1965 ni wọ́n hú egungun ènìyàn kan nínú ihò yìí, èyí tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 13,000 sẹ́yìn. Títí di òní, kò sí ibòmíràn ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a ti rí egungun ènìyàn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ní Mali, kì í ṣe ní Ghana, kì í ṣe ní Senegal. Ìsarun ni. Ẹ sì wo iye àwa tí a kàwé ní agbègbè Àkúrẹ́, tí olùkọ́ kankan kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí. Mungo Park ni wọ́n kọ́ wa.

Ìgbìmọ̀ tí ó ń mú àwọn ọmọ wa jáde lọ́dọọdún ni ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Àwọn kan ní kí a lọ sí Olúmọ, nítorí pé ẹ̀rọ agbénisókè wà níbẹ̀ fún àwọn àgbà. Àwọn mìíràn ní Òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ tó 660, orúnkún àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n lórí àga ìpàdé. Ẹnìkan dárúkọ àpáta Zuma, ó ní kò jìnnà, ó tilẹ̀ wà lẹ́yìn owó 100 náírà. Àwọn ọmọ ní àwọn ti rí ìyẹn tó, nígbàkúùgbà tí a bá ń lọ sí Kàdúná. Ìgbà náà ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarun dìde. Ó ní ihò kan wà ní ìlú ìyá òun tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò sí lẹ́yìn owó kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn síbẹ̀ ju gbogbo ọba Yorùbá lọ lọ́jọ́ orí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì dìbò fún un.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun mìíràn tí ó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì padà kan ara wọn. Ilẹ̀ tí a ó kọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sí ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìwé wa pé, a san gbogbo owó tí ó yẹ, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà abúlé Gbàgyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wa pé ẹnikẹ́ni kò tíì wá kí àwọn. Ìpàdé pín sí méjì. Arákùnrin kan dìde, ó ní, "Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ Àbújá. Òfin ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni wọ́n tí a ó máa kí?" Bàbá kan fún un lésì pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ìlú nílé yín nìyẹn?" Ariwo sọ. Àwa ni a ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́jọ́ náà, a sì kọ ti ìhà méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Alága sún un síwájú.

Òótọ́ ni arákùnrin wa sọ nípa òfin. Ní ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Adájọ́ Akínọlá Agúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága rẹ̀. Wọ́n yan àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí. Ohun kan tí wọ́n sì rò nínú rẹ̀ ni pé èrò ibẹ̀ kò pọ̀, pé kò ní jẹ́ ti Haúsá, kò ní jẹ́ ti Yorùbá, kò ní jẹ́ ti Ìgbò. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ó di òfin, ìjọba sì kó láti Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ṣùgbọ́n kí èrò ibì kan má pọ̀, kì í ṣe pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àwọn Gbàgyí, tí àwọn kan ń pè ní Gwárì, wà níbẹ̀. Àwọn Bassa àti Gwandara náà wà níbẹ̀. Wúsé tí a ti ń ra tòmátò lónìí, abúlé àwọn kan ni. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi wà lójú ọ̀nà Kàdúná, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ó ń jẹ́ Sábọ́n Wúsé, Wúsé tuntun. Ẹ ti rí àwọn obìnrin Gbàgyí tí wọ́n ń gbé ẹrù sí èjìká dípò orí. Àwa ti rí wọn láti ọdún tí a ti dé, nígbà tí títì kò tíì wọ àdúgbò wa.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a máa bá ìrìn-àjò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2024, a gbéra nínú bọ́ọ̀sì méjì: àgbà 11, ọmọdé 12. A gbàdúrà gígùn, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ń rí lọ́nà lóde òní. Gwàgwàládà, Àbàjí, Kótón-Kárfè, a sọdá Odò Ọya ní Jàmátà, a wọ Lọ́kọ́ja. Láti ibẹ̀ a gba Ọ̀bájáná lọ sí Kábbà, láàárín àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tí kì í fẹ́ yà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ sùn, wọ́n jí, wọ́n jẹun, wọ́n tún sùn. Nígbà tí a gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú. A sùn síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì a dé Ìsarun. Àwọn ìyàwó ilé tí ó bá wa lọ ti di ọtí, obì àti bísíkíìtì kalẹ̀, nítorí pé a kì í wọ ìlú onílùú lọ́wọ́ òfo. A kí àwọn àgbà, wọ́n bi wá ní orúkọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún wa ní bàbá ọdẹ kan tí yóò mú wa dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wo bàtà àwọn obìnrin tí ó tẹ̀ lé wa, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ó wọ bàtà onígìgísẹ̀ fúnra wọn padà lọ wọ sálúbàtà.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ihò kan ni tí mọ́tò ń dé ẹnu rẹ̀, ẹ tún èrò yín pa. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn. Oko kòkó ni a kọ́kọ́ là kọjá, ewé gbígbẹ ń ró lẹ́sẹ̀ wa bí ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ọ̀nà sì ń gùn sókè. Alága wa, tí ó máa ń sọ nípàdé pé òun kò tíì darúgbó, jókòó lórí gbòǹgbò igi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ ti sáré lọ síwájú pẹ̀lú bàbá ọdẹ. Ohùn wọn ni a ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ohun tí a rí kì í ṣe ihò tí ó wọnú ilẹ̀ lọ, tí ènìyàn yóò tan iná wọ̀. Àpáta ńlá ni, tí ó ga, tí ó sì yọ orí síta bí àjà ilé tí kò ní ògiri níwájú. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ ní gbogbo igbó náà, ẹni tí ó bá jókòó sídìí rẹ̀ lè dáná, kí ó sì máa wo òjò. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún wa ìdí tí ènìyàn fi yan ibẹ̀ láti gbé. Ìyá ẹgbẹ́ wa wò ó yíká, ó ní, "Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ní." Eérú tí ó fún un lórúkọ kì í ṣe ti àná, ti ìran àwọn tí ó ń dáná sí ojú kan náà ni.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ ibẹ̀ dùn mọ́ àwa nínú, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1961, Olóyè Akeredolu, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ohun àtijọ́, rí ihò náà, ó sì fi tó àwọn tí ó yẹ létí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun náà tí ó wú àwọn ohun èlò idẹ Ìgbò-Úkwú jáde, wá pẹ̀lú Daniels láti walẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lé ní ìdajì mílíọ̀nù òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gé. Ọ̀pọ̀ wọn kéré bí èékánná, ẹnu wọn mú, wọ́n ṣeé fi sí orí igi kí a fi dọdẹ. Lápá ìsàlẹ̀ pátápátá ni egungun náà wà.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ wa bèèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Àwa ni ìdáhùn bọ́ sí lọ́wọ́. A ní kí ó fojú inú wo fáìlì tí ó wà lórí tábìlì wa ní ọ́fíìsì. Ìwé tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ó wà nísàlẹ̀, èyí tí ó dé láàárọ̀ yìí ni ó wà lókè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tú u, ẹni tí ó bá ṣí i láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ń padà sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ihò yìí ṣe rí. Eérú lórí eérú, erùpẹ̀ lórí erùpẹ̀, ìran kan lórí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí awalẹ̀pìtàn kì í fi ọkọ́ walẹ̀ bí ẹni tí ó ń wú iṣu. Kànnàkànnà ni wọ́n ń hó o, tí wọ́n ń kọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Ẹni tí ó bá tú fáìlì láìkọ nọ́ńbà ojú ewé ti ba fáìlì náà jẹ́ títí láé.

Ti iye ọdún, èédú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun abẹ̀mí, ìbáà jẹ́ igi ìbáà jẹ́ ènìyàn, ni ó ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan sára nígbà tí ó wà láàyè. Ọjọ́ tí ó bá kú ni gbígbà náà dópin, èyí tí ó ti gbà yóò sì máa dín títí yóò fi ku ìdajì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó oṣù kò wọlé mọ́, tí ó ń ná èyí tí ó wà nílé, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún un. Wọ́n wọn èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú èédú tí ó wà nítòsí egungun náà, ó fún wọn ní nǹkan bí ọdún 11,200 nínú ìṣirò kábọ́ọ̀nù, èyí tí ó tó nǹkan bí 13,000 nínú ọdún tí àwa ń kà. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Katerina Harvati ṣáájú wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlọ́runṣọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn, gbé àbájáde mìíràn jáde. Egungun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n, ó sì bọ́ sí àárín ọdún 11,700 àti 16,300.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni àwọn ènìyàn yẹn wò. Wọ́n wọn agbárí rẹ̀, ohun tí wọ́n rí sì ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ní ọdún 1971, Brothwell àti Shaw ti kọ ọ́ pé ẹni ìṣáájú fún àwa ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ẹni yìí. Àwọn ti 2011 ní agbárí náà gùn sẹ́yìn, kò sì ga bí tiwa; ó jọ ti àwọn tí ó gbé ayé ní ọdún tí ó lé ní 100,000 sẹ́yìn ju bí ó ṣe jọ ti ẹnikẹ́ni lónìí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni pé irú àwọn ènìyàn àtijọ́ kan ṣì wà ní ilẹ̀ yìí nígbà tí irú tiwa ti gba ayé, tàbí pé àwọn méjèèjì ti fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì bímọ pọ̀. Ènìyàn ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ọ̀bọ. Ó dáná, ó gé òkúta, ó sì ní ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó kú.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tí ó ti ń gbọ́ gbogbo èyí láìsọ̀rọ̀, kọjú sí bàbá ọdẹ. Ó kúnlẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bàbá ńlá yín ni?"

Bàbá ọdẹ rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa kọ́ ni a sin ín. A bá a níbí ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń wá ibi tí yóò fi ìbọn rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n àwa àgbà tí a wà níbẹ̀ wo ara wa lójú. Ìtàn tí àwọn bàbá wa ń sọ kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ pé ilẹ̀ ṣófo nígbà tí Odùduwà dé. Wọ́n ní ó bá àwọn kan níbẹ̀, tí Ọbàtálá wà láàárín wọn, ìjà sì wà kí ọ̀rọ̀ tó lójú. Mọrèmi tí a ń fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, àwọn Ìgbò inú igbó tí ó ń yọ Ifẹ̀ lẹ́nu ni ó bá lò ó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọba kò ní jẹ kí onílẹ̀ kan, tí ilé rẹ̀ kò ju búkà lọ, má ṣe ohun kan fún un. A mọ̀ ọ́n nílé. Ìgbà tí a bá dé Àbújá ni ó máa ń ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Bàbá ọdẹ mú wa yí ìdí àpáta náà ká. Ó ní àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà máa ń rí ẹdùn àrá nínú oko. Inú wa dùn láti gbọ́ ìyẹn, nítorí pé àwọn awalẹ̀pìtàn náà rí àáké òkúta tí a ti lọ̀ kí ó dán, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò, ní apá òkè ilẹ̀ ihò náà. Ẹdùn àrá tí àwọn oníṢàngó ń kó sínú ọpọ́n, tí wọ́n ní ó ti ojú ọ̀run bọ̀, àáké àwọn tí ó ti gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni púpọ̀ nínú wọn. A kò fi ìyẹn bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa rí i pé ohun náà kì í ṣe òkúta lásán, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó lè rí i lónìí tí kò ní fi fọ́ ẹ̀kùrọ́?

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, tí ó mú wa wo igbó náà pẹ̀lú ojú mìíràn bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 6,000 sẹ́yìn, ọ̀dàn gba ibi tí ó pọ̀ ní agbègbè yìí, igbó sì dínkù. Ṣùgbọ́n àyíká ihò yìí kò di ọ̀dàn. Igbó ni ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi ń lò ó, bí erékùṣù láàárín omi. Igbó tí a là kọjá yẹn ti wà níbẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní 10,000, láìka gbogbo ohun tí ojú ọjọ́ ṣe. Nísinsìnyí ẹ̀rọ tí a fi ń la igi wà, owó pákó sì ti gbówó lórí. Ẹ̀rù igi ni ó bà wá ju ẹ̀rù ojú ọjọ́ lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Gúúsù Áfíríkà sọ fún wa nípa ihò Sterkfontein, nítòsí Johannesburg, níbi tí Robert Broom ti rí agbárí kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ọdún 1947. Ọdún 1999 ni UNESCO fi agbègbè náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ẹni tí ó bá lọ yóò san owó, wọn yóò mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ihò, wọn yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún un, yóò sì ra ẹ̀wù tí wọ́n ya àwòrán sí kí ó tó jáde. Ní ọjọ́ tí a lọ sí Ìsarun, a kò rí géètì, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí ẹni tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú wa ní ìtìjú ni. Àwa ò lè sọ pé a fara mọ́ ọn tán. A fẹ́ kí ojú ọ̀nà dára, kí a sì fi pátákó kan síbẹ̀ tí yóò kọ orúkọ náà bí ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ Ìsarun sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí pọ́nmọ́ àti gbohùngbohùn ń ṣe sí ibi ìgbafẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì jẹ́ kí igbó wà.

A padà sí Àbújá láyọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè.

Ní ìpàdé oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbọ̀ngàn tún dé. Kì í ṣe pé ìrìn-àjò náà ti sọ gbogbo wa di ọ̀kan. Arákùnrin tí ó tako ó ṣì tako, kò sì bá wa lọ sí Ìsarun. Ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú àwọn tí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dúró lábẹ́ àpáta yẹn. Alága ní kí a dìbò. Ìbò 31 sí 14 ni pé kí a lọ kí wọn. A ra obì, a ra ìrẹsì àpò kan, a mú bàbá kan tí ó gbọ́ Gbàgyí dání. Wọ́n gbà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Olórí àwọn àgbà wọn, tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa, mú wa jáde lọ sí ilẹ̀ wa. Ní ìgun kan, lábẹ́ igi ṣíá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òkìtì méjì tí koríko ti bò. Ibojì ni. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀kan, ìkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Nínú àwòrán tí a ti san owó rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

A ti yí àwòrán náà padà. Ó ná wa lówó, àwọn kan sì ṣì ń kùn nípa rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Igun yẹn yóò wà pẹ̀lú igi rẹ̀, a ó sì fi ọgbà kékeré yí i ká. Àwọn ará abúlé náà ti fún wa ní ọ̀dọ́kùnrin méjì tí ó ń ṣọ́ bíríkì wa lóru. Láti oṣù Kẹta, ẹyọ kan kò tíì sọnù.

Àwọn ọmọ ti ń bèèrè ìgbà tí a ó tún lọ. A ń gbèrò rẹ̀ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, nítorí pé ọ̀nà igbó yẹn kì í ṣe ti òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Kí ó mú bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, omi púpọ̀, àti àpò tí yóò kó ọ̀rá àti ike rẹ̀ sí nígbà tí a bá ń padà bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú òkúta kankan kúrò níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bàbá ọdẹ ti sọ fún wa pé òun yóò yẹ àpò wò.